Ẹ Yọ Ìbọn Náà Kúrò Nínú Àkọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ ní àna yín tó jẹ́ sójà Amẹ́ríkà fi ìbọn ìléwọ́ M1911 sílẹ̀ nínú àkọ̀ aláwọ M1916, èyí tí wọ́n lu "US" sí lójú, ẹ wá ń béèrè òróró tí ẹ máa fi pa awọ náà.

Ẹ fi ti òróró sílẹ̀ ná. Ẹ yọ ìbọn náà kúrò nínú àkọ̀, ẹ yọ magasíìnì tí ọta máa ń wà nínú rẹ̀, ẹ fa irin òkè ìbọn náà sẹ́yìn, kí ẹ wò ó dáadáa bóyá ọta ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó má padà sínú àkọ̀ mọ́.

Awọ máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu, ásíìdì àti iyọ̀ tí wọ́n fi ṣe é kì í sì í tán lára rẹ̀. Irin tó bá fara tì í pẹ́ á dógùn-ún. Mo ra irú ìbọn yìí kan lọ́wọ́ ìdílé tó gbàgbé rẹ̀ sínú àkọ̀. Ibi tí awọ ò kàn ṣì ń dán. Ibi tó kàn ti jẹ ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ẹni tí olóde bá jà. Òróró lè dá ìpáàrà dúró o, ṣùgbọ́n kò lè dí ihò. Ó dùn mí gan-an, torí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Òróró ìbọn fẹ́ẹ́rẹ́ tó fún irin náà. Èmi fẹ́ràn ìda Renaissance Wax, tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ṣe fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Òógùn ọwọ́ ń ba irin jẹ́.

Ní ti àkọ̀, aṣọ gbígbẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó. Ẹ má fi neatsfoot oil, òróró tí wọ́n ń sè jáde látara egungun ẹsẹ̀ màlúù, kàn án, ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni sọ. Ó ń sọ awọ di dúdú, ó ń jẹ́ kó rọ̀ jọwọlọ, ọ̀rá rẹ̀ á sì bá idẹ tí wọ́n fi ń pa àkọ̀ dé jà, á yọ nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́wọ́. Tí èyí bá ti wà níbẹ̀, igi ìtayín ni kí ẹ fi há a kúrò, kì í ṣe irin. Bí awọ bá ń ya ìyẹ̀fun pupa sí yín lọ́wọ́, ẹ má fi nǹkan kan ra á: ásíìdì ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Klucel G, ìyẹ̀fun kan tó ń di nǹkan mú, tí wọ́n pò mọ́ álíkọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń dì í mú, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ẹ gbé e fún.

Ẹ ki bébà tí kò ní ásíìdì sínú àkọ̀ kó má baà wó. Ẹ má kó o sí àpò náílọ́ọ̀nù, ẹ má sì gbé e sí àjà tàbí yàrá abẹ́ ilé. Ibi tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ ò ju nǹkan bí 50% lọ ló dára jù.

Ẹ wo ẹ̀yìn àkọ̀ náà: orúkọ ẹni tó rán an àti ọdún tí wọ́n rán an sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín.