Èsì: Kí ló dé tí Amelia Earhart kò fi dé Paris ní 1932?

Ẹ kú ìbéèrè o. Earhart, obìnrin awakọ̀ òfurufú ará Amẹ́ríkà tó ń dá fò kọjá òkun Àtìláńtíìkì lọ sí Paris, kò kàn ṣìnà lásán tó fi balẹ̀ sí pápá màlúù ní Culmore, Northern Ireland. Harbour Grace, Newfoundland (tó wà ní Canada lónìí), ni bàálù Lockheed Vega rẹ̀ ti gbéra ní 20 oṣù Karùn-ún. Lóru, aago tó ń fi gíga hàn kú. Yìnyín bo ìyẹ́ bàálù, ó ń fi òòyì já wálẹ̀ kó tó gbà á padà. Bó bá gòkè, yìnyín; bó bá sọ̀kalẹ̀, kò mọ bí òkun ṣe sún mọ́ ọn tó. Èyí tó burú jù ni pé ojú ibi tí wọ́n ti jó páìpù èéfín pọ̀ ya, iná ń yọ níbẹ̀, epo sì ń jò láti ara géèjì táǹkì sínú yàrá awakọ̀. Iná àti epo pẹtiróòlù kẹ̀! Ó tọ̀nà gan-an bó ṣe balẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn bíi wákàtí 15.