Ìrìn Àdáṣe Tàbí Ti Afinimọ̀nà?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin Olóòtú, mo fẹ́ gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, kí n rin ìlú márùn-ún láàárín oṣù kan. Ṣé kí n ṣètò rẹ̀ fúnra mi ni, àbí kí n tẹ̀ lé afinimọ̀nà?

Ìdáhùn: Lójú tiwa, ẹ ṣètò rẹ̀ fúnra yín, nítorí pé ẹni tó dá rìn lè lo ọjọ́ mẹ́ta níbi tó bá wù ú, láìsí ẹni tí yóò máa pàtẹ́wọ́ pè é padà sínú bọ́ọ̀sì. Àmọ́, ẹ jọ̀wọ́, ibùsùn alẹ́ méjì àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ san owó rẹ̀ sílẹ̀. Ní òkè Kilimanjaro ní Tanzania, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni gùn ún láìsí afinimọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ. Irú ibẹ̀ ni kí ẹ ti gba afinimọ̀nà.