Ọmọ fẹ́ lọ yìnbọn ní aginjù: kí ni kí òbí béèrè?

Ìbéèrè

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin òbí. Phoenix ni a wà, ní Arizona. A ò tíì pé ọdún kan tí a kó dé láti Houston. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ní bàbá ọ̀rẹ́ òun fẹ́ mú àwọn lọ yìnbọn sí àmì ní ilẹ̀ ìjọba, ní aginjù níta ìlú, ní Sátidé tó ń bọ̀. Bàbá rẹ̀ ní òun ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá, pé ìbọn kì í ṣe ohun ìṣeré. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, ṣùgbọ́n ó jọ pé gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń lọ. Ṣé òfin tilẹ̀ gbà á? Kí ni kí n bi ọkùnrin náà kí n tó dá a lóhùn?

Ìyá Tóbi

Èsì

Ìyá Tóbi, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ.

Òfin gbà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan mú un lọ: ní Arizona, ọmọ ọdún 13 ò gbọdọ̀ mú ìbọn dání ní gbangba àfi bí òbí, òbí àgbà tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ bá wà pẹ̀lú rẹ̀, tàbí olùkọ́ ìbọn tó ní ìwé ẹ̀rí tí òbí sì fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ tí Bureau of Land Management, BLM, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ń mójú tó ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yìnbọn sí àmì, àfi ibi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó di èèwọ̀. Igbó ìjọba gbà á pẹ̀lú, irú Tonto National Forest tó wà nítòsí yín, ṣùgbọ́n òfin tibẹ̀ le díẹ̀: ẹ kò gbọdọ̀ yìn níbi tí kò tó 150 yáàdì sí ilé, sí àgọ́, tàbí sí ibi tí èèyàn wà, ẹ kò gbọdọ̀ yìn ín kọjá lórí títì igbó náà tàbí lórí omi, ẹ kò sì gbọdọ̀ yìn ín wọ ihò àpáta. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá gbẹ, wọ́n lè dá ìbọn yíyìn dúró nínú igbó náà nítorí iná. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ gan-an ni kí ẹ pe ọ́fíìsì wọn. Ohun tí wọ́n sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá lè má jẹ́ òótọ́ mọ́.

Kí a tó dé orí ọta àti pátákó, ìbéèrè kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ọkùnrin yẹn: ta ni yóò dúró ti Tóbi, ọmọ mélòó ni yóò sì máa yìn lẹ́ẹ̀kan náà? Bí ó bá ní ọmọ mẹ́ta, àgbà kan, ẹ sọ pé kò ṣeé ṣe. Ọmọ kan, ìbọn kan, àgbà kan. Àwọn tó kù á jókòó sẹ́yìn, ìbotí á sì wà létí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Àkọ́bí mi jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà náà, ìbọn .22, ìbọn kékeré tí ọta rẹ̀ tín-ín-rín, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń yìn lápá òsì wa ṣàdédé dìde, ó ń rìn lọ síwájú láti lọ pààrọ̀ ìwé àmì rẹ̀, kò pe ẹnikẹ́ni. Mo figbe ta: "Dúró! Má yìn ín!" Ọmọ gbọ́ ohùn mi, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Ó yí gbogbo ara sí mi tìbọn-tìbọn, ó ní, "What?" Ẹnu ìbọn náà gba ojú àbúrò rẹ̀ kọjá, ọmọ ọdún 8 tó jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń jẹ bisikíìtì. Mo gbá ẹnu ìbọn náà wálẹ̀. Nígbà tí mo fa ìdí ìbọn náà ṣí, odindi ọta kan fò jáde, ó bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀, mo sì fi bàtà bò ó kí ìyá wọn má baà rí i. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ìka ọmọ yẹn wà lórí apátí, ibi tí a ń fà kí ìbọn tó yìn. Mo ti bi í. Ó ní òun ò rántí.

Ẹlòmíì á ní kí ló dé tí ọmọ ọdún 12 ò gbọ́ "má yìn ín". Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ ń kàwé nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá. Ó gbọ́ "wá jẹun", ó gbọ́ "lọ sùn", ó gbọ́ "dọ̀bálẹ̀". Ta ló ń sọ "má yìn ín" nínú ilé? Ó ṣì ń dùn mí ṣá. Àwa rí ìbọn lórí àjà àwọn ọdẹ, a sì mọ̀ pé ojú lásán ni a lè fi kàn án. Àwọn ọmọ wa ò mọ àjà yẹn.

Ṣùgbọ́n èdè nìkan kọ́ ló bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo dúró sí, níbi tí ọwọ́ mi ò ti tó o. Ọta márùn-ún ló wà nínú ìbọn. A ò sì tíì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kankan. Nítorí náà, ohun tí ẹ máa bá bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ nìyí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ mọ̀: STOP. Ẹnikẹ́ni ló lè pè é, títí kan ọmọ tó kéré jù níbẹ̀. Bó bá ti dún, ìka á kúrò lórí apátí, ẹnu ìbọn á dúró síbi tó kọjú sí, wọ́n á gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n á sún sẹ́yìn ìgbésẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ kì í yí, orí nìkan ló lè yí. Kí Tóbi fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ dán an wò ní pálọ̀ ní ogún ìgbà. Ẹ̀rín á pa á. Ẹ jẹ́ kó rín in. Àgbà tó wà pẹ̀lú rẹ̀ á dúró lápá ọ̀tún rẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè di èjìká ọmọ mú bí ó bá fẹ́ yí. Ọta ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa fi sí ìbọn, kì í ṣe márùn-ún, kì í ṣe mẹ́wàá. Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ni ní Amẹ́ríkà níbí náà nìyẹn, àwa la kàn ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ìbọn .22 máa ń kọ̀, torí pé etí ìdí ọta ni èyí tó ń mú ẹ̀tù gbiná wà, nígbà míì kì í sì í tàn yí i ká dáadáa. Bó bá dún "kẹ̀" tí kò yìn, kí ẹnikẹ́ni má sáré ṣí i. Ẹnu ìbọn á ṣì kọjú sí òkìtì, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá 30, lẹ́yìn náà kí àgbà fà á ṣí. Èyí tó burú jù ni kó yìn, kí ohùn rẹ̀ wá rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọta lè ti há sínú ọ̀pá rẹ̀; bí wọ́n bá yìn òmíràn tẹ̀ lé e, ọ̀pá lè ya. Wọn ò gbọdọ̀ yìn ín mọ́ títí àgbà yóò fi tú u wò láti ẹ̀yìn.

Níbi tí wọ́n á yìn sí, òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ni kó wà lẹ́yìn àmì, kì í ṣe àpáta, kì í ṣe ojú ọ̀run. Ọta .22 kékeré yẹn lè rìn tó máìlì kan àti ààbọ̀. Kí ọkùnrin náà gun òkìtì yẹn, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tú ìbọn sílẹ̀, torí ọ̀nà alùpùpù àti ọ̀nà àwọn tó ń rìn kiri pọ̀ ní aginjù yín. Igi pẹlẹbẹ méjì, páálí kan láàárín, ìwé àmì tí a fi téèpù lẹ̀ mọ́ ọn, ó tó. Ẹ gbé e sún mọ́ ìdí òkìtì, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí ọta tó bá gba inú ìwé kọjá lè wọ inú iyẹ̀pẹ̀ ní tààrà. Àmì onírin, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Ó ní bí a ṣe ń dà á síwájú, ó ní bí a ṣe ń jìnnà sí i, irin tó bá sì ti ní kòtò lára á máa da ẹ̀rún ọta padà sójú ẹni tó yìn ín.

Ìgò, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, fìríìjì tí ẹnì kan dà nù: bí wọ́n bá bá wọn níbẹ̀ tí ihò ọta ti kún ara wọn, kì í ṣe pé ó di ẹ̀tọ́ fún Tóbi náà. Irú pàǹtírí yẹn ló ń mú kí wọ́n ti ilẹ̀ náà mọ́ gbogbo èèyàn. Wọn ò gbọdọ̀ so nǹkan mọ́ igi tàbí kátọ́ọ̀sì. Saguaro, kátọ́ọ̀sì ńlá tó nà apá sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jà lólè yẹn, ọ̀ràn ni ní Arizona bí ẹ bá bà á jẹ́. Ní 1982, ọkùnrin kan nítòsí Lake Pleasant ń yìnbọn lu saguaro kan títí apá kátọ́ọ̀sì náà fi já. Apá náà já lé ọkùnrin yẹn lórí, ó sì pa á.

Ti iná ni ẹ má fi ṣeré. Ní oṣù kẹrin 2017, ní gúúsù Tucson, ọkùnrin kan yìn àmì abúgbàù láti fi kéde bóyá akọ tàbí abo ni ọmọ tí wọ́n ń retí. Koríko ràn, iná náà jó ju èka 45,000 lọ. Sawmill Fire ni wọ́n ń pè é. Ẹ lè ní ti abúgbàù nìyẹn. Ní Utah, ní oṣù kẹfà 2012, àwọn tó kàn ń yìnbọn sí àmì ni wọ́n dá iná tó lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò nílé ní Saratoga Springs. Òkúta àti koríko gbígbẹ ti tó. Ẹ yọ irin òòfà kan lára fìríìjì yín, ẹ fún Tóbi kó mú un dání, kó fi kan orí ọta, kì í ṣe ìdí rẹ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin wà nínú rẹ̀, irin sì ni ó ń ta iná bó bá ba òkúta. Ẹ ní kí wọ́n dá páálí ọta yẹn padà sínú ọkọ̀. Ọta òjé nìkan, tàbí òjé tí wọ́n fi bàbà bò. Omi gálọ́ọ̀nù márùn-ún, ṣọ́bìrì, agolo ìpaná, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, kì í ṣe lábẹ́ ẹrù nínú búùtù. Kí wọ́n má páàkì sórí koríko gbígbẹ, ìdí ọkọ̀ gbóná. Bí wọ́n bá sì yìn tán, kí wọ́n jókòó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n máa wo ìdí òkìtì náà.

Etí: ìbọn .22 náà dún tó nǹkan bí 140 dẹ̀síbẹ̀lì. Ẹ fi èyí tí ń wọ inú etí sí abẹ́ ìbotí, kó jẹ́ méjì. Awò ojú fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, àti ẹni tí kò yìn.

Òjé ni ọta, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Jíjẹ mímu ò sí níbẹ̀ títí wọ́n á fi fi ọṣẹ àti omi tútù fọ ọwọ́ àti ojú. Bisikíìtì ọjọ́ yẹn, èmi ni mo rà á. Bàtà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ á wọ ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ́tọ̀.

Kí wọ́n tẹ́ tapólì sílẹ̀ síbi tí èèpo ọta ń já sí. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á kàn ká a dà sínú garawa. Èyí tó bá fò kọjá, kí Tóbi ṣa á, ó kéré, ó ń sá sábẹ́ òkúta. Ọta tó kọ̀ tí kò yìn kì í dúró síbẹ̀, kì í sì í bá èèpo ọta wọ garawa kan náà. Ẹ wá agolo tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìwé àmì, páálí, téèpù, gbogbo rẹ̀ ló ń padà sílé. Bí àpò bá ṣì láyè, kí wọ́n kó ti ẹlòmíràn mọ́ ọn.

Nǹkan kan wà tí bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò ní rántí, torí kò kàn án. Òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà kí ẹni tó wà lórí físà ìbẹ̀wò, ti ilé-ìwé tàbí ti iṣẹ́ mú ìbọn tàbí ọta dání, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan, àfi ọ̀nà díẹ̀ tí òfin là sílẹ̀, irú ìwé àṣẹ ọdẹ ti ìpínlẹ̀. Green card ò ní wàhálà yẹn. Mi ò bi yín ní ìwé yín o. Ṣùgbọ́n bí ìwé ọmọ ò bá tíì yanjú, tàbí bí àbúrò yín tó wá kí yín bá fẹ́ bá wọn lọ ya fọ́tò, ẹ ní kí wọ́n jókòó sílé.

Bí ẹ bá lè yí ọkùnrin náà lọ́kàn padà, kí ti àkọ́kọ́ jẹ́ ní Ben Avery, ibi ìyìnbọn tí Arizona Game and Fish ń bójú tó ní àríwá Phoenix. Níbẹ̀ òṣìṣẹ́ kan wà tó ń pe ìgbà tí wọ́n á yìn àti ìgbà tí wọ́n á dúró, gbogbo ìbọn á sì wà ní ṣíṣí lórí tábìlì kí ẹnikẹ́ni tó kọjá ìlà. Ní aginjù, kò sí òṣìṣẹ́ yẹn. Ti ìbọn ìléwọ́, mi ò ní dá a sí. Ẹ kàn sọ pé kò sí i lọ́jọ́ náà.

Bàbá Tóbi kò ṣìwí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa jẹ́ kó lọ, kí ọ̀kan nínú yín bá wọn lọ. Lálẹ́ òní pàápàá, ẹ fi ìbotí sí Tóbi létí, kó kọjú sí ògiri, kí ẹ bọ́ sí yàrá kejì kí ẹ pariwo "Dúró!" Ẹ wo ohun tó máa ṣe.