Ṣé fóònù lè bá wa tọ́jú ìsoríkọ́ aboyún?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Oyún mi ti pé oṣù mẹ́fà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n kò ti rí oorun sùn dáadáa, oúnjẹ kò wù mí jẹ, n kò sì mọ ohun tí mo ń sunkún sí. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi ní ètò ìtọ́jú ìsoríkọ́ kan wà tí mo lè máa ṣe lórí fóònù, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi ní oyún ló fà á, pé bí mo bá ti bímọ, yóò lọ. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?
Aboyún, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ti nọ́ọ̀sì ni kí ẹ gbọ́, láìbá màmá jà, nítorí oyún a máa dí oorun lọ́wọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì láìdáwọ́ dúró, ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sì dájú pé ìbímọ yóò lé e lọ: ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà, nǹkan bí aboyún 16 nínú 100 ni àárẹ̀ ọkàn, tí ìsoríkọ́ jẹ́ olórí rẹ̀, ń bá jà, iye náà sì ń tó 20 lẹ́yìn ìbímọ.

Kò sí idán nínú ètò orí fóònù náà. Ẹ ó kọ èrò tó wá sí yín lọ́kàn sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wá, bí àpẹẹrẹ, "N kò ní lè tọ́ ọmọ yìí". Yóò wá bi yín ní ohun tí ẹ rí tí ẹ fi gbà á gbọ́, àti ohun tí ẹ ti ṣe rí tó ta ko ó. Lẹ́yìn náà ni yóò fún yín ní iṣẹ́ kékeré kan, bóyá kí ẹ rìn dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ yín lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì sàmì sí bí ọkàn yín ti rí kí ẹ tó lọ àti nígbà tí ẹ dé. Ó ti ran ọ̀pọ̀ aboyún lọ́wọ́, pàápàá níbi tí ènìyàn gidi ti ń pè wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láìsí ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kì í parí rẹ̀, èmi kò sì ní bá yín yan èyí tí kò ní olùpè. Bí ẹ̀yin àti ẹlòmíràn bá jọ ń lo fóònù kan, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó lè ka ohun tí ẹ bá kọ.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì bi yín ní ìbéèrè 10 tí wọ́n fi ń yẹ ìsoríkọ́ wò, tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú Edinburgh pè, tó ti wà láti 1987, tí àwọn dókítà sì ti dán wò lára aboyún ilẹ̀ Yorùbá. Ìkẹwàá ń béèrè bóyá ó ti wá sí yín lọ́kàn láti ṣe ara yín ní jàǹbá. Bí ìdáhùn yín kì í bá ṣe "rárá", ẹ pa fóònù tì, kí ẹ lọ rí dókítà ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn, ẹ má sì dá lọ. Bí màmá bá wà nílé, àwọn ni kí ẹ mú dání.