Ibi tó yẹ kí ìtàn ti rọra rìn

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè ohun tí ẹ lè ṣe kí àárín ìwé ìtàn àròsọ yín má falẹ̀ mọ́, nítorí pé àwọn tó bá yín kà á sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í sú àwọn láti orí karùn-ún. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì gé nǹkan kan, torí gígé ni èmi kọ́kọ́ sáré ṣe nígbà tí ìwé ìtàn tèmi ń falẹ̀, ó sì gbà mí ní odindi ọdún kan. Mo yọ àpèjúwe, mo dín ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn kù, ojú ìwé 80 sì lọ. Ẹni tó tún un kà ní ó ṣì ń falẹ̀.

Obìnrin kan wà nínú ìtàn mi náà tí ọmọ rẹ̀ ti sá kúrò nílé láti ọdún 9 sẹ́yìn, tí lẹ́tà ọmọ náà wá dé lọ́jọ́ kan. Ojú ìwé 6 ni mo fi kọ ìrìn àjò rẹ̀ lọ síbi tó ti gba lẹ́tà náà. Nígbà tó wá ṣí i, mo kàn kọ ọ́ pé ó kà á, ó sì sunkún. Nígbà tí ojú mi là, mo sọ ìrìn àjò yẹn di gbólóhùn kan ṣoṣo, mo sì fún lẹ́tà náà ní ojú ìwé 3: ó dá ọwọ́ ìkọ̀wé ọmọ rẹ̀ mọ̀, ó ki lẹ́tà bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí, ó padà wá, ó sì ń fi èékánná ya etí àpò ìwé náà díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé ibẹ̀ falẹ̀. Òǹkàwé ní sùúrù púpọ̀ níbi tí àyà rẹ̀ bá ti ń já.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ ìlà kan nípa orí kọ̀ọ̀kan: kí ni ẹ̀dá ìtàn yìí mọ̀, tàbí kí ló pàdánù, ní ìparí rẹ̀, tí kò rí bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀? Nínú orí mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí ìwé náà ní, mẹ́sàn-án ni n kò rí nǹkan kan kọ sí. Mo pa mẹ́jọ nínú wọn pọ̀ mọ́ àwọn tó yí wọn ká. Mo fi ẹyọ kan sílẹ̀ nítorí pé ẹ̀yìn ìsìnkú ló wà, ó sì yẹ kí òǹkàwé rí ibi mí kanlẹ̀. Mo tún ka gbogbo rẹ̀ sókè ketekete. Ibi tí ẹnu mi bá ti ń sáré láti kọjá ni mo ń fàlà sí.

Ní ti orí karùn-ún yín, ẹ wò ó bóyá ibẹ̀ ni ẹ ti dáhùn ìbéèrè tó gbé òǹkàwé débẹ̀, láìtíì fi òmíràn sí i lọ́kàn. Ohun tí èmi ṣe nìyẹn, àfìgbà tí mo gbé àṣírí bàbá ọmọ náà kúrò ní orí kẹrin lọ sí ìkejìlá.