Síkírínì laptop mi ò gbọ́ràn sí bọ́tìnì ìmọ́lẹ̀ lórí Ubuntu, ṣé kí n ra òmíì ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀ọ̀dá. Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo níbí ni mò ń gbé, UNIOSUN ni mo wà. Mo ra laptop tòkunbọ̀ kan, mo wá fi Ubuntu 22.04 sí i torí Windows tó wà lórí ẹ̀ ń fà jù. Gbogbo nǹkan ló ń ṣiṣẹ́ àfi ìmọ́lẹ̀. Tí n bá tẹ bọ́tìnì tó ń dín in kù, àwòrán òòrùn kékeré yẹn á jáde, ìlà abẹ́ ẹ̀ á máa lọ á máa bọ̀, ṣùgbọ́n síkírínì ò ní yí padà rárá, gbanja ló máa ń tàn tọ̀sán tòru. Tí NEPA bá ti mú iná báyìí bátìrì mi ò ní pẹ́ tó fi máa kú. Ẹni tó ń tún laptop ṣe ládùúgbò wa ní síkírínì ló bàjẹ́, kí n lọ ra òmíì. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, so owó ẹ mọ́wọ́ ná. Síkírínì tó ń tàn gbanja tí àwòrán orí ẹ̀ sì mọ́ kedere, òun kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ìlà tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn gan-an ti sọ nǹkan fún wa: kíbọ́ọ̀dù ti jíṣẹ́, Ubuntu ti gbọ́, ó sì ti rí nǹkan kan tó rò pé òun lè fi dín iná kù. Nǹkan tó rí yẹn ni kò so mọ́ iná gidi.

Ìdí tó fi máa ń rí bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀nà tí kernel Linux, ìyẹn ọkàn Ubuntu tó ń darí gbogbo ẹ̀yà laptop, lè gbà dé ibi iná ẹ̀yìn síkírínì ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀nà kan wà tó gba inú BIOS kọjá, ètò tí wọ́n ti kọ sínú laptop láti ilé iṣẹ́, ACPI ni wọ́n ń pe ọ̀nà yẹn, níbi tí àwọn tó ṣe laptop ti kọ ìlànà kan tó ń jẹ́ _BCL sílẹ̀ láti fi ka iye ìpele ìmọ́lẹ̀ tó wà, àti _BCM láti fi yí i. Ọ̀nà kejì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe laptop, dráífà tiwọn fúnra wọn, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kernel lè bá ẹ̀yà kan sọ̀rọ̀. Ọ̀nà kẹta ni ti káàdì àwòrán, bíi Intel tàbí AMD, tí dráífà ẹ̀ máa ń bá iná yẹn sọ̀rọ̀ tààrà. Ó dà bíi kórópe kan tí awakọ̀ mẹ́ta jókòó sí, kálukú ló mú sítíárì dání, ṣùgbọ́n sítíárì ẹnì kan ṣoṣo ló so mọ́ táyà.

Láyé àtijọ́ ti ACPI ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Windows 8 dé ní 2012, Windows fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀nà káàdì àwòrán, àwọn tó ń ṣe laptop náà ò wá dán ti ACPI wò dáadáa mọ́, ó kàn wà nínú BIOS lásán ni, lórí àwọn laptop míì tó o bá pè é kò ní ṣe nǹkan kan. Kernel mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú fáìlì ẹ̀ kan tó ń jẹ́ video_detect.c, ó máa ń wò ó bóyá BIOS yẹn ti ìgbà Windows 8 wá síwájú ni, bóyá dráífà káàdì àwòrán wà ńlẹ̀, bóyá laptop yẹn sì wà nínú àwọn tí wọ́n ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ pé ìwà wọn yàtọ̀, kó tó wá mú ọ̀kan. Ó sábà máa ń mú èyí tó tọ́, àmọ́ ìgbà míì ó máa ń ṣì í mú.

Ohun tí wàá kọ́kọ́ ṣe nìyí, ṣí terminal, ojú ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ sí kọ̀ǹpútà, kó o tẹ:

ls /sys/class/backlight

Tó o bá rí intel_backlight tàbí amdgpu_bl0, ti káàdì àwòrán nìyẹn. Tó bá jẹ́ acpi_video0, ti BIOS ni. Tó o bá wá rí méjèèjì pa pọ̀, mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé ibẹ̀ ni wàhálà ẹ wà, torí Ubuntu 22.04 wá pẹ̀lú kernel 5.15, kernel ìgbà yẹn ṣì lè gbé méjèèjì síta lẹ́ẹ̀kan náà, tí desktop Ubuntu, ojú tó ò ń rí tó ò ń tẹ̀, bá sì rí wọn pa pọ̀ ti BIOS ló máa ń mú. Láti kernel 6.1 ni wọ́n ti tún ibẹ̀ tò, Hans de Goede, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ kernel, ló ṣiṣẹ́ yẹn, kí kernel máa gbé ẹyọ kan ṣoṣo síta fún síkírínì kan. Tẹ uname -r kó o rí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ.

Wá fọwọ́ ara ẹ dán an wò. Kọ́kọ́ ka max_brightness, iye ìmọ́lẹ̀ tó ga jù, tó wà nínú fódà intel_backlight, kó o wá mú iye tó tó ìlàjì ẹ̀. Ká ní 1500 lo rí:

echo 750 | sudo tee /sys/class/backlight/intel_backlight/brightness

Má kọ 0 síbẹ̀ o, àwọn laptop kan máa pa iná pátápátá, wàá wá jókòó sínú òkùnkùn máa tẹ nǹkan tó ò rí. Tí síkírínì bá ṣú díẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí, síkírínì ẹ ò ní àrùn kankan. Ṣe bákan náà fún acpi_video0, iye tiẹ̀ máa kéré gan-an, nígbà míì kò ju 10 tàbí 15 lọ, ó sì ṣeé ṣe kó gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹ wẹ́rẹ́ kó má sì ṣe nǹkan kan.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, sọ fún kernel èyí tó máa lò. Tún laptop tàn, di Esc tàbí Shift mú kí GRUB, ètò tó ń gbé Ubuntu dìde, lè jáde, tẹ lẹ́tà e, wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, kó o fi acpi_backlight=native sí ìparí ẹ̀, wá tẹ F10. Ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ló máa mú un, tí kò bá dáa tó o bá tún un tàn ó ti lọ nìyẹn. Tí bọ́tìnì bá wá gbọ́ràn, fi ọ̀rọ̀ kan náà sínú GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT ní /etc/default/grub, kó o ṣe sudo update-grub.

Tí fódà /sys/class/backlight yẹn bá ṣófo pátá ńkọ́? Tẹ cat /proc/cmdline, kó o wò ó bóyá nomodeset wà níbẹ̀. Àwọn tó máa ń báni fi Linux sórí laptop fẹ́ràn àtimáa fi nomodeset sí i kó lè tètè wọlé, wọn kì í sì yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ òun ni kì í jẹ́ kí dráífà káàdì àwòrán ṣiṣẹ́, tí dráífà ò bá sì sí, ta ló fẹ́ dín iná kù? Yọ ọ́ nínú /etc/default/grub yẹn, kó o tún ṣe sudo update-grub.

Ẹnì kan sì lè ní kó o máa lo xrandr --brightness. Má dá a lóhùn. Àwọ̀ àwòrán nìyẹn ń mú ṣú, iná ẹ̀yìn LCD ṣì ń tàn bó ṣe ń tàn, bátìrì ẹ ò ní jèrè kọ́bọ̀.

Tó bá ṣì kọ̀, fi ohun tí ls yẹn sọ àti ohun tó wà nínú /sys/class/dmi/id/product_name ránṣẹ́ sí mi, kó o sì sọ fún mi bóyá káàdì àwòrán Nvidia wà nínú ẹ̀, torí tiyẹn ní wàhálà tiẹ̀ lọ́tọ̀.