Ṣé àwọ̀ inú súìtì ni kò jẹ́ kí ọmọ mi jókòó jẹ́ẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, kì í jókòó jẹ́ẹ́ mọ́ bó bá ti mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò pupa tàbí tó jẹ súìtì aláwọ̀ mèremère. Á máa sáré kiri, á máa pariwo, kò sì ní í tètè sùn lálẹ́. Bàbá rẹ̀ ní ṣúgà ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọ̀ inú rẹ̀ ni, pé kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ta ni kí n gbà gbọ́, báwo ni mo sì ṣe lè mọ̀ dájú?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ wò, torí ìyẹn kò ní pẹ́. Wọ́n ti dán ṣúgà wò lára àwọn ọmọdé lọ́pọ̀ ìgbà, láìjẹ́ kí òbí tàbí ọmọ mọ èyí tí ọmọ jẹ, wọn ò sì rí i pé ó ń yí ìwà wọn padà. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1994, àwọn ìyá tó gbà pé ṣúgà ń da ọmọ àwọn rú ni wọ́n pè. Aspartame, tó kàn ń dùn bíi ṣúgà, ni wọ́n fún gbogbo ọmọ náà. Síbẹ̀, àwọn ìyá tí wọ́n sọ fún pé ṣúgà ni ọmọ wọn mu ní ara ọmọ náà kò balẹ̀ rárá, ju bí àwọn ìyá yòókù ṣe sọ nípa ọmọ tiwọn lọ. Ohun tí ojú ń retí ni ojú ń rí. Ẹ má gbàgbé èyí, torí ibẹ̀ la máa padà sí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ní ẹ̀rí nídìí, àmọ́ kò tó bí àwọn èèyàn ṣe ń pariwo rẹ̀. Láti bíi 1973 ni Benjamin Feingold, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, ti ń sọ pé àwọ̀ àtọwọ́dá wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ kan farabalẹ̀. Ìwádìí tó mú kí ìjọba dá sí i jáde ní 2007 láti yunifásítì Southampton ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún mẹ́ta 153 àti ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án 144 ni wọ́n lò, ọmọ inú ìlú lásán, kì í ṣe ọmọ tí wọ́n ń tọ́jú. Àwọn ọmọ náà ń mu ohun mímu kan lójoojúmọ́. Láwọn ọ̀sẹ̀ kan, àwọ̀ àti sodium benzoate tí kì í jẹ́ kí nǹkan bàjẹ́ wà nínú rẹ̀, láwọn ọ̀sẹ̀ mìíràn kò sí. Mílígíráàmù 20 tàbí 30 péré ni àpapọ̀ àwọ̀ tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ń mu lójúmọ́. Ìfarabalẹ̀ wọn dín kù lóòótọ́, àmọ́ díẹ̀ ni, kò sì rí bákan náà lára gbogbo ọmọ: ó hàn gan-an lára àwọn kan, kò ṣe àwọn mìíràn ní nǹkan kan. Nítorí pé àwọ̀ àti benzoate jọ wà nínú ife kan náà, a ò lè fi ìwádìí yẹn sọ èyí tó jẹ̀bi nínú wọn. Ní 2012, àwọn onímọ̀ tó kó ìwádìí púpọ̀ jọ fojú bù ú pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ní ADHD (ìṣòro tí kì í jẹ́ kí ọmọ farabalẹ̀ tàbí pọkàn pọ̀), bíi mẹ́jọ ni àwọ̀ lè máa dá kún ìṣòro rẹ̀.

Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín wà lára àwọn tó ń ṣe, ó sì ṣeé ṣe kó má sí. Ìwé kankan kò lè sọ ìyẹn fún yín. Ẹ ní láti dán an wò, kí ẹ sì ṣe é lọ́nà tí ojú yín kò fi ní tàn yín jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á lára páálí. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E ni wọ́n fi ń dá ohun tí wọ́n fi kún oúnjẹ mọ̀ ní Yúróòpù. Mẹ́fà tí wọ́n lò ní Southampton ni tartrazine (E102), quinoline yellow (E104), sunset yellow (E110), carmoisine (E122), ponceau 4R (E124) àti allura red (E129). Láti oṣù keje 2010, oúnjẹ tó bá ní ọ̀kan nínú wọn ní Yúróòpù gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára pé ó lè ṣe ìpalára fún ìfarabalẹ̀ ọmọdé. Orúkọ ló ń ṣi ọ̀pọ̀ òbí lọ́nà: tartrazine náà ni Yellow 5 ti Amẹ́ríkà, òun náà ni CI 19140 (CI ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àwọ̀ mọ̀ káàkiri àgbáyé), allura red náà ni Red 40 àti CI 16035. Bí ẹ bá rí «lake» lẹ́yìn orúkọ náà, àwọ̀ kan náà ni, wọ́n kàn ṣe é kó má yọ́ sínú omi ni. Sodium benzoate ni E211. E100, E160a àti E162, tí wọ́n ń rí láti ara atalẹ̀ pupa, kárọ́ọ̀tì àti bíìtúrúùtù, kò sí lára àwọn tí à ń wá.

Ẹ má fi ojú nìkan yàn án. Kéèkì tó pọ́n bí ẹni pé ẹyin pọ̀ nínú rẹ̀ lè jẹ́ tartrazine ló pọ́n ọn, bisikíìtì ṣokoléètì lè ní àwọ̀ mẹ́ta pa pọ̀ kó tó dúdú bẹ́ẹ̀. Oògùn ikọ́ olómi, fítámì tí ọmọ ń jẹ lẹ́nu àti ọṣẹ ìfọyín náà wà níbẹ̀, àwọn lòbí sì máa ń gbàgbé jù. Oògùn tí dókítà kọ fún un, ẹ má dá a dúró o. Ẹ bi apòògùn bóyá irú rẹ̀ tí kò ní àwọ̀ wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ yan ìwà márùn-ún tó ń yọ yín lẹ́nu, bíi kó má lè jókòó jẹun tán, ìbínú òjijì, pípẹ́ kó tó sùn. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 3, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ní àkókò kan náà. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má yí oúnjẹ rẹ̀ padà rárá. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń fò, bí ọmọ bá wá yí padà wọn ò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ àwọ̀ àti E211 kúrò pátápátá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àkókò tó ń sùn àti àkókò tó ń wo fóònù gbọ́dọ̀ dúró bó ṣe wà. Bí ẹ bá yí ìyẹn náà padà, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Bí máàkì kò bá yàtọ̀, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ti parí nìyẹn, ẹ jẹ́ kó máa jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Bó bá dín kù gan-an, ẹ má tíì yọ̀, torí ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ ti yọ ọ́. Ẹ wá àgbàlagbà mìíràn tó máa ju owó ẹyọ sókè láàárọ̀ kó tó po kòkó fún ọmọ nínú ife tí kò ṣeé rí inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ iwájú, kó fi ẹ̀kán mẹ́wàá àwọ̀ olómi tí kò ní adùn sí i, èyí tí orúkọ àwọ̀ rẹ̀ wà lára ìgò; bó bá jẹ́ ẹ̀yìn, kó má fi nǹkan kan sí i. Kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fi pamọ́. Ẹ ṣe é títí ẹ ó fi ní ọjọ́ mẹ́ta tó ní àwọ̀ àti mẹ́ta tí kò ní, kí ẹ sì fi ọjọ́ méjì sí àárín, torí nínú ìwádìí kan tí wọ́n fi tartrazine ṣe ní Ọsirélíà, àyípadà náà máa ń lo wákàtí púpọ̀ lára àwọn ọmọ tó ń ṣe, títí di ọjọ́ kejì bí àwọ̀ náà bá pọ̀. Ahọ́n ló sábà máa ń tú àṣírí. Kí ọmọ fọ ẹnu kí ẹ tó rí i, tàbí kẹ́ ẹ ní kí tíṣà rẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan máa fún un ní máàkì. Bí ọmọ bá ní ikọ́ fée tàbí tí ara rẹ̀ máa ń lé, ẹ má ṣe apá yìí nílé; dókítà ni kó wà níbẹ̀.

Bí ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ní àwọ̀ bá burú kedere ju mẹ́ta yòókù lọ, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ yọ àwọ̀ kúrò nílé, kí ẹ sì sọ fún ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́nà jíjìn níbi àjọ̀dún kò ní pa á lára. Bí àwọn ọjọ́ náà bá dàpọ̀ mọ́ra, kì í ṣe àwọ̀ ni. Ẹ wá wo agogo tó ń sùn, ẹ wò ó bóyá ebi ló ń pa á, ẹ sì wo káfíìnì tó wà nínú àwọn ọtí ẹlẹ́rìndòdò dúdú kan. Bí ìwà náà bá sì ti wà nílé àti nílé ẹ̀kọ́ fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò jẹ́ kó kẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ sì mú ìwé máàkì yẹn dání.